Ọṣẹ Ìfárun Inú Ilé: Bí A Ṣe Lè Tò Ó àti Bí A Ṣe Lè Pa Á Mọ́ Kí Ó Má Bàjẹ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Òwe yìí ń kọ́ wa pé kò yẹ kí á yanjú ọ̀rọ̀ ẹnìkan nígbà tí òun fúnra rẹ̀ kò sí níjòókòó, ṣùgbọ́n ó tún ń fi hàn bí irun fífá ti pẹ́ tó nínú ìgbésí ayé Yorùbá. Ní ti ìdílé Mùsùlùmí, ọ̀rọ̀ náà tún jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. À ń fá irun orí ọmọ tuntun ní ọjọ́ keje. Bí ọmọ náà bá di géńdé, Ànásì ọmọ Màlíkì ti rohìn rẹ̀, Ìmáàmù Muslim sì ti gbà á wọ inú ìwé rẹ̀, pé wọ́n ti dá ìgbà fún gígé èékánná, gígé irunmú, fífa irun abíyá àti fífá irun abẹ́, pé kí á má ṣe jẹ́ kí ó kọjá ogójì òru. Bí Ọlọ́hun bá sì ṣe é ní oore-ọ̀fẹ́ pé ó dé Mẹ́kà, yóò fárí tàbí kí ó gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ó tó bọ́ aṣọ háráámì.

Nítorí náà, agbára káká ni a ó fi rí ilé kan láàrin wa tí kò ní ọṣẹ tí wọ́n fi ń fárun. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo bí àwọn ọṣẹ náà ti ń gbé nínú ilé. Ọ̀kan wà lójú fèrèsé ilé ìwẹ̀, omi ti sọ ọ́ di ẹ̀kọ. Òmíràn wà nínú agolo tí ó ti dípẹtà. Méjì tí ọmọ fi ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù wà nínú páálí lábẹ́ ibùsùn, kò sì sí ẹni tí ó rántí wọn títí eku fi bá wọn tú u wò. Ọṣẹ dúdú tí ìyá àgbà rà wà nínú láílọ́ọ̀nù tí a so lẹ́nu pinpin, ó ti ń ṣomi. Nígbà tí ó bá di òwúrọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, tí bàbá ilé wá ọṣẹ títí tí kò rí i, yóò rán ọmọ lọ sí ìsọ̀ kí ó lọ ra òmíràn wá. Owó ni gbogbo èyí. Ní àkókò tí ọjà wọ́n gógó yìí, kò yẹ kí ilé kan máa ra ohun tí ó ti ní.

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní Gẹ̀ẹ́sì àti ní Ítálì, àwọn ọkùnrin kan wà tí wọ́n ń kó ọṣẹ ìfárun jọ gẹ́gẹ́ bí àwọn kan láàrin wa ti ń kó fìlà jọ. Ẹnìkan lè ní ogún, ẹlòmíràn lè ní ọgọ́rùn-ún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn mìíràn sì máa ń kọ orúkọ wọn sínú ìwé, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú òórùn rẹ̀. Èmi kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni fara wé wọn ní ti iye. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní ọgọ́rùn-ún ọṣẹ ti rí oríṣiríṣi ọ̀nà tí ọṣẹ ń gbà bàjẹ́, ìmọ̀ tí ó fi gbà wọ́n là sì wúlò fún ẹni tí kò ní ju mẹ́rin lọ.

Láyé àtijọ́, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ìṣòro bàbá ilé. Onígbàjámọ̀ ni ó ń gbé abẹ àti ọṣẹ rẹ̀ kiri nínú àpò, òun náà ni ó sì mọ bí ó ti ń tọ́jú wọn. Nígbà tí ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, King Camp Gillette, gba ìwé àṣẹ lórí abẹ ìfárun tí a lè pààrọ̀ ojú rẹ̀ ní ọdún 1904, ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Ní ìparí ogun àgbáyé àkọ́kọ́, ìjọba Amẹ́ríkà pín irú abẹ yìí fún àwọn ọmọ ogun wọn, iye rẹ̀ sì tó 3,500,000. Àwọn ọmọ ogun gbé e padà sílé, ó sì di àṣà kí oníkálùkù máa fárun nínú ilé ara rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ọṣẹ ti kúrò nínú àpò onígbàjámọ̀ bọ́ sínú ilé ìwẹ̀ wa, níbi tí omi ti ń bà á jẹ́.

KÍ NI Ó WÀ NÍNÚ ỌṢẸ ÌFÁRUN?

Ẹni tí kò bá mọ ohun tí ó wà nínú nǹkan kò lè mọ bí a ti ń pa á mọ́. Epo tàbí ọ̀rá ni a fi ń ṣe ọṣẹ, pẹ̀lú omi tí ó ní agbára láti jẹ epo náà. Oríṣi omi bẹ́ẹ̀ méjì ni ó wà. Èkíní ni ti sódà, èyí tí ó máa ń jẹ́ kí ọṣẹ le bí òkúta; irú rẹ̀ ni ọṣẹ tí a fi ń wẹ̀ àti èyí tí a fi ń fọṣọ. Èkejì ni ti pọ́táàṣì, èyí tí ó máa ń jẹ́ kí ọṣẹ rọ̀. Àwọn ìyá wa ti mọ èkejì yìí tipẹ́, nítorí pé òun ni ó wà nínú eérú èèpo kòkó àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ń sẹ́ láti fi se ọṣẹ dúdú. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ọṣẹ dúdú fi máa ń rọ̀ lọ́wọ́, tí kò sì le bí ọṣẹ òyìnbó.

Ọṣẹ ìfárun gidi, àárín àwọn méjèèjì ni ó dúró sí. Àwọn tí ń ṣe é máa ń fi sódà àti pọ́táàṣì pọ̀, kí ó lè le díẹ̀ kí ó sì lè tètè hó. Wọ́n tún máa ń fẹ́ ọ̀rá tí ó ní ohun tí wọ́n ń pè ní stearic acid púpọ̀, nítorí pé òun ni ó ń jẹ́ kí ìhó ọṣẹ náà ki, kí ó sì dúró lójú títí abẹ yóò fi kọjá. Ọ̀rá màlúù ní in, òrí tí a ń rí lára igi èmi náà sì ní in lọ́pọ̀lọpọ̀. Àdín ní tirẹ̀ máa ń jẹ́ kí ọṣẹ tètè hó, ṣùgbọ́n ìhó rẹ̀ kì í pẹ́ tí yóò fi túká. Ẹni tí ó bá ti fi ọṣẹ dúdú fárí rí yóò mọ ohun tí mò ń sọ: kí a tó dé ẹ̀yìn orí, iwájú ti gbẹ. Kì í ṣe ẹ̀bi ọṣẹ dúdú, iṣẹ́ wíwẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún.

Ohun kẹta tí ó wà nínú rẹ̀ ni glycerin, omi dídùn kan tí ó ki, tí ó máa ń jáde nígbà tí epo bá ń di ọṣẹ. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé ó ń fa omi mọ́ra. Ìyẹn dára fún awọ ara wa, ṣùgbọ́n òun kan náà ni ó ń dá wàhálà sílẹ̀ nínú àpótí. Ní àkókò òjò, ọṣẹ tí kò ní ìdérí yóò máa fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ títí yóò fi làágùn. Ní àkókò ọyẹ́, ní pàtàkì fún àwa tí a ń gbé ní Ìlọrin lọ sí ìhà òkè, títí dé Kàdúná àti Jọ́ọ̀s, ọṣẹ kan náà yóò gbẹ, yóò sán, yóò sì máa já sọ́wọ́ wẹ́wẹ́. Nítorí náà, ìtọ́jú ìgbà òjò kò lè jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú ti ọyẹ́.

OHUN TÍ ÀWỌN ALỌ́ṢẸ NÁBÚLÚSÌ MỌ̀

Ìlú kan wà ní Palẹsítínì tí à ń pè ní Nábúlúsì. Òróró ólífì ni wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ níbẹ̀ láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, àjọ UNESCO kọ iṣẹ́ ọṣẹ wọn sínú ìwé àwọn ohun àjogúnbá aráyé, wọ́n sì kọ iṣẹ́ ọṣẹ ìlú Àlẹ́pò ní ilẹ̀ Síríà mọ́ ọn nínú ọdún kan náà. Lóòótọ́, ọṣẹ ìwẹ̀ ni wọ́n ń ṣe, kì í ṣe ti ìfárun, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí a ti lè rí ẹ̀kọ́ nípa pípa ọṣẹ mọ́ tó ọ̀dọ̀ wọn.

Bí wọ́n bá se ọṣẹ tán ní Nábúlúsì, wọn a dà á sílẹ̀ pẹrẹsẹ lórí ilẹ̀ yàrá ńlá, wọn a tẹ àmì ilé iṣẹ́ sí i, wọn a sì gé e wẹ́wẹ́. Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ títò yóò bẹ̀rẹ̀. Wọn kì í kó o sínú páálí. Ńṣe ni wọ́n máa ń tò ó yíká yíká, ọ̀kan lórí èkejì, tí inú rẹ̀ yóò ṣófo, tí àlàfo yóò sì wà láàrin ọṣẹ kan àti èkejì, títí yóò fi ga ju ènìyàn lọ, tí ẹnu rẹ̀ yóò sì ṣu bí òrùlé ahéré. Inú àwọn àlàfo wọ̀nyí ni afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá. Oṣù púpọ̀ ni ọṣẹ yóò fi wà bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó fi bébà wé e fún títà. Ní Àlẹ́pò, ọṣẹ tí wọ́n tò báyìí máa ń wọ̀ tó oṣù mẹ́fà sí mẹ́sàn-án. Ara rẹ̀ á pọ́n bíi wúrà, ṣùgbọ́n bí a bá gé e sí méjì, inú rẹ̀ ṣì tutù bí ewé.

Ẹ wo bí iṣẹ́ wọn ti tò lẹ́sẹẹsẹ: afẹ́fẹ́ ni ó ṣáájú, ìdérí ni ó kẹ́yìn. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé wa, òdìkejì rẹ̀ ni à ń ṣe. A lo ọṣẹ tán, omi ṣì wà lára rẹ̀, a dé e pa. Bí ó bá di ọjọ́ kejì, ọṣẹ náà ti jókòó sínú omi ara rẹ̀. Èyí ni ó ń run ọṣẹ ju gbogbo ohun mìíràn lọ. Ogbó kì í sáábà pa ọṣẹ líle. Omi tí a sé mọ́ inú ike ni ó ń pa á.

LẸ́YÌN TÍ A BÁ FÁRUN TÁN

Ohun àkọ́kọ́ ni kí á gbọn omi dànù. Bí ọṣẹ bá wà nínú abọ́, kí á dojú abọ́ náà dé díẹ̀ kí omi ojú rẹ̀ ro. Ìhó tí ó kù lójú ọṣẹ, kí á fi ìka nù ún kúrò tàbí kí á fi omi díẹ̀ ṣàn án. Lẹ́yìn náà kí á ṣí ọṣẹ náà sílẹ̀ ní ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà. Ní ìgbà ọyẹ́, wákàtí mélòó kan ti tó. Ní oṣù Keje tàbí oṣù Kẹsàn-án tí òjò ń rọ̀ kíkan, kí á fún un ní odidi ọjọ́ kan. Ìgbà tí ojú rẹ̀ kò bá lẹ̀ mọ́ ìka mọ́ ni kí á tó dé e.

Ilé ìwẹ̀ kì í ṣe ibi ìpamọ́. Mo mọ̀ pé níbẹ̀ ni ọwọ́ ti ń yá, ṣùgbọ́n ooru àti omi kì í kúrò níbẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo tí ẹnìkọ̀ọ̀kan ń lò lọ́wọ́ ni kí ó wà nítòsí, lórí àwo tí a lu ihò sí nísàlẹ̀. Àwọn yòókù, kí wọ́n wà nínú yàrá.

Ọṣẹ dúdú ní ìlànà tirẹ̀, nítorí pé pọ́táàṣì inú rẹ̀ máa ń wá omi kiri. Ọṣẹ yìí ni kí á tètè dé, kí á bu ìwọ̀n tí a ó lò fún ọ̀sẹ̀ kan sínú abọ́ kékeré, kí ìyókù wà nínú ike tí ẹnu rẹ̀ ṣe rẹ́gí. Ọwọ́ tútù kò gbọdọ̀ wọ inú ike ńlá náà. Bákan náà ni ọṣẹ rírọ̀ àwọn ará Ítálì, bí irú Cella tí àwọn onígbàjámọ̀ wọn ń rà ní odidi kìlò kan lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí ó bá rí irú rẹ̀ gbà lẹ́bùn, kí ó gé èyí tí ó tó lò, kí ó sì wé ìyókù mọ́lẹ̀ dáadáa, nítorí pé ọyẹ́ yóò sọ ọ́ di gbígbẹ.

ÀPÓTÍ, PẸPẸ ÀTI ÀWỌN AJẸNIRUN

Ibi tí ó dára jù lọ ni pẹpẹ inú kọ́bọ́ọ̀dù, ní ibi tí oòrùn kì í dé, tí kò sì sún mọ́ ìdáná. Oòrùn àti ooru ni ó máa ń jẹ́ kí ọ̀rá inú ọṣẹ bàjẹ́. A ó rí i pé àwọn àmì pupa rúsúrúsú yóò yọ lára rẹ̀, òórùn rẹ̀ yóò sì dà bí òróró tí ó ti pẹ́ jù nínú ìgò. Irin náà máa ń yára irú ìbàjẹ́ yìí, pàápàá irin tí ó ti dípẹtà àti bàbà. Nítorí náà, agolo mílíìkì àtijọ́ kò dára fún ọṣẹ. Ike, tánńganran tàbí ìgò ni ó dára.

Òórùn dídùn inú ọṣẹ kì í wà títí. Òórùn ọsàn àti òórùn ewé mẹ́ńtì ni ó máa ń kọ́kọ́ lọ, òórùn igi sańdà máa ń pẹ́. Èyí tí ó ní òórùn tí ń tètè lọ ni kí á kọ́kọ́ lò. Kí á sì má ṣe fi náfútálínì tí a ń fi lé kòkòrò nínú aṣọ sí inú àpótí kan náà pẹ̀lú ọṣẹ. Ọ̀sẹ̀ méjì péré, gbogbo ọṣẹ yóò máa rùn bí àpótí aṣọ ìyá àgbà, kò sì sí ohun tí a lè fi yọ ọ́ kúrò.

Eku fẹ́ràn ọṣẹ, ní pàtàkì èyí tí a fi ọ̀rá ẹran ṣe. Aáyán náà kì í fi í sílẹ̀. Páálí tí ó wà nílẹ̀ lábẹ́ ibùsùn kò lè gba ọṣẹ lọ́wọ́ wọn. Àpótí ike olómọrí tí a lè rí ní ọjà yóò gbà á là, bí a bá ti rí i pé gbogbo ọṣẹ tí a kó sínú rẹ̀ ti gbẹ.

Àwọn ọmọdé ni kí á tún rántí. Ọṣẹ ìfárun tí ó wà nínú túùbù jọ oògùn ìfọyín gan-an, ọmọ tí kò tíì mọ̀wé kò lè mọ ìyàtọ̀. Kí wọ́n má ṣe wà lórí pẹpẹ kan náà. Èyí tí ó wà nínú agolo afúnpá, tí ń tú jáde bí ìfóòfó, kò gbọdọ̀ wà nínú ọkọ̀ tí a gbé sínú oòrùn, nítorí pé ooru lè jẹ́ kí ó bẹ́.

TÍTÒ WỌN

Àwọn tí ń kó ọṣẹ jọ ní òkè òkun sáábà máa ń tò ó ní ti òórùn tàbí ní ti ẹni tí ó ṣe é. Fún ilé tiwa, mo gbà pé ẹni tí ó ń lò ó àti bí ọṣẹ náà ti le tó ni ó yẹ kí á wò. Pẹpẹ òkè, ọṣẹ líle: èyí tí ó rí róbótó àti èyí tí ó rí bí ọ̀pá, bí irú Arko ti ilẹ̀ Tọ́kì tí wọ́n fi bébà wé. Àwọn wọ̀nyí ni ó máa ń pẹ́ jù. Pẹpẹ àárín, ọṣẹ rírọ̀ àti ọṣẹ dúdú, tí a gbọ́dọ̀ máa yẹ̀ wò lóṣooṣù. Pẹpẹ ìsàlẹ̀, túùbù, nítorí pé omi pọ̀ nínú rẹ̀, òun ni ó sì máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Bí ìyá ilé bá ní tirẹ̀, kí á yà á sọ́tọ̀ fún un, kí ọwọ́ ẹlòmíràn má ṣe kàn án.

Kí á lẹ bébà kékeré mọ́ ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí á kọ oṣù àti ọdún tí a rà á sí i, àti ọjọ́ tí a ṣí i. Kì í ṣe ara ìdérí, nítorí pé ìdérí máa ń ṣìnà lọ sórí ọṣẹ ẹlòmíràn. Lára ọjà tí ó bá ti ilẹ̀ Yúróòpù wá, a ó rí àwòrán agolo kékeré kan tí ìdérí rẹ̀ ṣí, tí wọ́n kọ 12M tàbí 24M sí inú rẹ̀. Òfin wọn ti ń béèrè fún àmì yìí láti ọdún 2005. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni iye oṣù tí a lè fi lo ohun náà lẹ́yìn tí a bá ti ṣí i. Kì í ṣe láti ọjọ́ tí a rà á.

Nígbà tí a bá ti tò wọ́n tán ni a ó mọ iye tí a ní, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti máa ń ya àwọn kan lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. Bí ọṣẹ kan bá wọn 100 gíráàmù, tí a sì ń lo bíi gíráàmù kan nígbà kọ̀ọ̀kan, ìgbà 100 ni yóò fárun fún wa. Ẹni tí ó ń fárun lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ yóò lò ó tó ọ̀sẹ̀ 33. Ẹni tí ó bá wá ní ogún ọṣẹ nílẹ̀, ohun tí yóò lò fún ọdún tí ó lé ní 12 ni ó kó jọ. Ìbéèrè tí ó kù ni bóyá ọṣẹ ogún yìí nílò láti jẹ́ ti ẹnìkan ṣoṣo. Àwọn àbúrò wà, àwọn ọmọ iléèwé tí ń gbé ní yàrá ìgbélé wà. Ọṣẹ tí a kò tíì ṣí, tí a sì mọ ọdún rẹ̀, ẹ̀bùn tí ó níyì ni. Èyí tí ó ti bàjẹ́ nínú àpótí kò níyì lójú ẹnikẹ́ni.

BÚRỌ́Ọ̀ṢÌ ÀTI ABẸ KÌ Í ṢE OHUN ÀJỌLÒ

Níbi yìí ni mo fẹ́ kí á fara balẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ti owó, ó ti di ti ẹ̀mí. Ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe káàkiri Nàìjíríà ní ọdún 2018 fi hàn pé nínú 100 ènìyàn tí ọjọ́ orí wọn wà láàrin 15 sí 64, bíi mẹ́jọ ni ó ní kòkòrò àrùn mẹ́dọ̀wú irú B lára. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀, nítorí pé kì í tètè dá ènìyàn dùbúlẹ̀. Inú ẹ̀jẹ̀ ni kòkòrò yìí ń gbé, ó sì lè wà láàyè lóde ara ènìyàn tó ọjọ́ méje, àní bí ẹ̀jẹ̀ náà tilẹ̀ ti gbẹ. Ẹ̀jẹ̀ bíńtín tí ojú kò rí lójú abẹ ti tó.

Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kì í ṣe ìdí tí ó fi yẹ kí á jọ lo abẹ kan. Bàbá àti ọmọ náà kò gbọdọ̀ jọ lò ó. Búrọ́ọ̀ṣì tí ń kọjá lórí ojú tí abẹ ti gé náà kò ṣeé jọ lò, bẹ́ẹ̀ ni ọṣẹ tí a ń fi tààrà ra ojú. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé ẹni tí ó ń lò ó ni kí á fi tò ó. Kí abọ́ ẹnìkọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tirẹ̀, kí ọṣẹ rẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ àti abẹ rẹ̀ jọ wà nínú rẹ̀. Àní nínú ilé tí kò mọ̀wé, àwọ̀ kò ṣeé ṣì mú. Ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, kí á ra abẹ tuntun fún orí ọmọ náà, kí á tú u lójú gbogbo ènìyàn, kí á sì jù ú nù lẹ́yìn rẹ̀. Onígbàjámọ̀ tí ó bá bínú sí èyí, kí á wá òmíràn.

Búrọ́ọ̀ṣì gan-an ní ìtàn tirẹ̀. Nígbà ogun àgbáyé àkọ́kọ́, àwọn ọmọ ogun àti àwọn ará ìlú kan ní Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà kó àrùn anthrax láti ara búrọ́ọ̀ṣì ìfárun tí wọ́n fi irun ẹṣin tí a kò fọ̀ mọ́ ṣe. Àwọn ilé iṣẹ́ ti ṣàtúnṣe sí ìyẹn tipẹ́. Ohun tí ó kù sí wa lọ́wọ́ ni kí á ṣan búrọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn lílò títí ìhó kò fi ní jáde lára rẹ̀ mọ́, kí á gbọ̀n ọ́n, kí á sì fi í sí ibi tí afẹ́fẹ́ wà. Bí a bá fi í sínú ike nígbà tí ó ṣì tutù, yóò bu.

KÍKA ARA PÁÁLÍ

Irun ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ búrọ́ọ̀ṣì tí owó rẹ̀ kò pọ̀. “Boar” tàbí “bristle” ni wọ́n máa ń kọ sí i. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì onínáílọ́ọ̀nù ń bẹ, òun ni ó sì máa ń tètè gbẹ jù, èyí tí ó jẹ́ àǹfààní nígbà òjò. Lára ọṣẹ, “tallow” tàbí “sodium tallowate” túmọ̀ sí ọ̀rá ẹran, ti màlúù tàbí àgùntàn lọ́pọ̀ ìgbà. “Lard” tàbí “sodium lardate” ni ti ẹlẹ́dẹ̀. Àwọn onímọ̀ ti jiyàn lórí bóyá ohun tí ó ti yí padà di ọṣẹ ṣì ní ìdájọ́ ti tẹ́lẹ̀, àwọn ààfáà wa ni kí á bi léèrè. Ohun tí ó wà lọ́wọ́ wa ni kí á kà á kí á tó rà á, kí á má ṣe ju páálí nù kí á tó kọ orúkọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀.

Fún ẹni tí ń lọ sí Háàjì, ọṣẹ tí kò ní òórùn ni kí ó yà sọ́tọ̀, nítorí pé ẹni tí ó wà nínú háráámì kò gbọdọ̀ lo ohun olóòórùn dídùn. Ọṣẹ líle ni ó rọrùn jù láti gbé, nítorí pé wọn kì í kà á mọ́ ohun olómi nínú ọkọ̀ òfuurufú bí wọ́n ti ń ka ti inú túùbù. Abẹ ní tirẹ̀, inú ẹrù ńlá tí a ń fi lé wọn lọ́wọ́ ni kí ó wà, kì í ṣe inú àpò ọwọ́.

ÈYÍ TÍ Ó TI YÍ PADÀ

Kì í ṣe gbogbo ọṣẹ tí ìrísí rẹ̀ yí padà ni ó ti bàjẹ́. Èyí tí ó gbẹ tí ó sán, kí á fi ohun ìrin rin ín, kí á wọ́n omi gbígbóná díẹ̀ sí i, kí á fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ̀ ẹ́ mọ́ inú abọ́, kí á ṣí i sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Yóò hó bí tuntun. Èérún oríṣiríṣi ọṣẹ náà ṣeé tẹ̀ pọ̀ báyìí, bí a kò bá bìkítà pé òórùn wọn yóò dàpọ̀. Èyí tí ó làágùn, kí á nù ún gbẹ, kí á fi í síbi tí afẹ́fẹ́ wà. Èyí tí òórùn rẹ̀ ti lọ ṣùgbọ́n tí ó ṣì ń hó, kò sí ohun tí ó ṣe é.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó ti bu, tàbí túùbù tí omi àti ọṣẹ inú rẹ̀ ti yà, kí á má ṣe fi í kan ojú tí abẹ ń kọjá lórí rẹ̀. Awọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fá ti ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ohun tí ó bá bá a pàdé, àwa tí irun wa sì ń ká, tí ó máa ń padà wọ inú awọ tí ó sì ń di kókó, kò nílò ìyọnu mìíràn. Èyí tí ó ní àmì pupa rúsúrúsú tí ó ń rùn bí òróró àtijọ́, kí á lò ó fún fífọ àkísà ilẹ̀ àti bàtà oko. Bí ó bá ń hó, yóò ṣe iṣẹ́ ìyẹn.